Èèyàn márùn-ún nínú Cromwell: ibo ni kálukú ń jókòó sí, báwo ni wọ́n sì ṣe ń jáde?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó àwọn ọmọ lọ sí musíọ́ọ̀mù táńkì tó wà ní Bovington nígbà họ́lídè, a sì rí táńkì ogun kan tí wọ́n ń pè ní Cromwell. Wọ́n ní èèyàn márùn-ún ló ń wà nínú ẹ̀. Tóbi wá ń bi mí pé ta ló ń wà á, ta ló ń yìnbọn, kí làwọn tó kù wá ń ṣe, tí iná bá sọ ńkọ́, ibo ni wọ́n ń gbà jáde? Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa là á yé, kí ẹ sì sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá Tóbi, Leeds.

Ìdáhùn: Ìyá Tóbi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìbéèrè tí Tóbi bi yín yẹn, òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè tó bá dé iwájú táńkì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá débẹ̀, bí ìbọn ẹ̀ ṣe gùn tó àti bí irin ẹ̀ ṣe nípọn tó ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í ro ti àwọn tó há sínú ẹ̀. Èmi ti jókòó sínú táńkì Vickers tí àwọn ológun wa rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ lóòdà ni mo ṣe níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń ki ọta bọ ìbọn, ohun tí mo sì mọ̀ dájú ni pé ibi tí wọ́n bá fi èèyàn sí nínú táńkì ló ń pinnu ohun tó máa lè rí, ohun tó máa lè ṣe, àti bóyá ó máa jáde láàyè. Tẹ́ ẹ bá fi ojú yẹn wo Cromwell, táńkì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ máa rí ohun tí wọ́n ṣe dáadáa níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe tí ò dáa.

Ẹ jẹ́ ká pín in sí yàrá mẹ́ta. Yàrá iwájú, èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Yàrá àárín, èèyàn mẹ́ta, àwọn ló wà lábẹ́ orí táńkì tó ń yí yẹn, tọ́rẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Yàrá ẹ̀yìn ò ní èèyàn, ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti epo ló wà níbẹ̀. Irin ni wọ́n fi dá yàrá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, àmọ́ wọ́n lu ihò sára irin tó wà láàárín iwájú àti àárín kéèyàn lè rá kọjá tọ́rọ̀ bá di kíákíá. Gbogbo táńkì náà gùn tó mítà 6.35, ó fẹ̀ tó mítà 2.9, ó ga tó mítà 2.5, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 27 tàbí 28. Ó lè dà bíi pé ó tóbi o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ àyè ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ti ọta 64 tí ìbọn ńlá ń lò, ẹ yọ ti redíò àti ti ìdí ìbọn fúnra ẹ̀, èyí tó kù fún èèyàn márùn-ún ò tó nǹkan.

Dírẹ́bà wà níwájú lápá ọ̀tún. Kì í ṣe sítíárì róbótó ló fi ń darí ẹ̀, ọ̀pá irin méjì ló ń fà, tó bá fa tọ̀tún á yà sọ́tùn-ún, tó bá fa tòsì á yà sósì. Fèrèsé irin kan wà níwájú ẹ̀ gan-an tó lè ṣí gbayawu nígbà tí ò séwu, tógun bá wá dé á tì í, á wá máa wo ìta láti ojú ihò kékeré kan tí wọ́n fi gíláàsì tó nípọn dí, ó sì tún ní pẹriskóòpù méjì, ìyẹn àwọn díńgí tó ń jẹ́ kéèyàn rí ìta láì yọrí síta. Síbẹ̀ náà, iwájú nìkan ló ń rí dáadáa. Ẹ̀yìn, kò rí i rárá, ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ díẹ̀. Kọmáńdà tó wà lókè ló ń sọ fún un létí pé yà sósì, rọra, dúró, padà sẹ́yìn, bí mọ́tò-bọ́ọ̀ì ṣe ń darí dírẹ́bà tírélà tó ń ṣe rífáàsì láàárín ọjà.

Ẹni tó wà lápá òsì ẹ̀, òun ni mo máa pè ní ayìnbọn iwájú. Irin tún dá òun àti dírẹ́bà sí méjì. Ìbọn tó ń yìn léraléra ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, Besa lorúkọ ẹ̀, àwọn ará Czech ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá gba àṣẹ láti máa rọ ọ́ nílé, ọta ẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 7.92, bíi ti àwọn Jámánì gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó yìn ín lu àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ sún mọ́ iwájú táńkì. Àmọ́ ohun tó ń rí kéré, ìbọn ẹ̀ náà ò lè yí jìnnà, ogun lè jà láti àárọ̀ dalẹ́ kó máà rí nǹkan kan yìn. Ibi tó ti wúlò jù ni tí táńkì bá dúró: ṣéènì tí wọ́n fẹ́ fà le, gíríìsì tí wọ́n fẹ́ fi sí i, epo tí wọ́n fẹ́ gbé látinú gálọ́ọ̀nù, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ sè lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nídìí táńkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ, ọwọ́ kan tó bá lé síbẹ̀, èrè ni.

Àárín gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lápá òsì ìbọn ńlá, ayìnbọn ló jókòó síwájú, kọmáńdà sì wà lẹ́yìn ẹ̀ níbi tó ga díẹ̀, wọ́n sún mọ́ra débi pé orúnkún kọmáńdà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀yìn ayìnbọn. Lápá ọ̀tún, lóòdà nìkan ló wà níbẹ̀, torí òun ló nílò àyè jù, òun ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń yí ara, tó ń fa ọta jáde níbi tí wọ́n kó o sí, tó ń tì í bọ ìbọn. Ìbọn yẹn fúnra ẹ̀ ló pín yàrá náà sí méjì, tó bá sì dún, ìdí ẹ̀ á ta padà sẹ́yìn láàárín wọn tagbáratagbára, ẹni tó bá fi ọwọ́ ẹ̀ síbẹ̀ nígbà yẹn, ọwọ́ ọ̀hún ti lọ nìyẹn.

Ẹ lè ní kí wá nìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta, ṣé méjì ò tó ni? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dán méjì wò, ojú wọn sì rí màbo. Táńkì kan wà ṣáájú Cromwell tó ń jẹ́ Crusader, irú ìran kan náà ni wọ́n, àwọn táńkì tí wọ́n ṣe fún eré sísá, cruiser ni wọ́n ń pè wọ́n. Crusader àkọ́kọ́ ní èèyàn mẹ́ta nínú orí, àmọ́ ìbọn ẹ̀ kéré, nígbà tó sì di 1942 tí wọ́n rí i pé àwọn Jámánì ti lágbára jù ú lọ, wọ́n fi ìbọn tó tóbi sí i síbẹ̀, oní mìlímítà 57, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Crusader III. Ìbọn yẹn gba àyè, wọ́n bá yọ èèyàn kan kúrò, ló bá di pé kọmáńdà náà ló tún di lóòdà. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ ló jà ní El Alamein ní Íjíbítì lọ́dún yẹn. Ẹ wá fojú inú wò ó: ọkùnrin tó yẹ kó máa wo gbogbo àyíká, kó máa wá ibi táwọn ọ̀tá sápamọ́ sí, kó máa darí dírẹ́bà, kó máa gbọ́ ohun táwọn ọ̀gá ń sọ nínú redíò, òun náà ló tún máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ gbé ọta. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà nísàlẹ̀ yẹn, táńkì ọ̀hún ti fọ́jú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹnì kejì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yìnbọn, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ yìnbọn ló sábà máa ń wà láàyè, àwọn Jámánì ti mọ èyí tipẹ́, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni táńkì Panzer III tiwọn ti ní èèyàn mẹ́ta nínú orí.

Ìdí nìyẹn témi fi máa ń sọ pé ohun tó dáa jù lára Cromwell ni àga mẹ́ta tó wà nínú orí ẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ti ẹ́ńjìnnì, mo mọ̀, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn, àmọ́ kọmáńdà tí ò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wò, kó máa ronú, kó máa pàṣẹ lọ, ohun ńlá nìyẹn lójú ogun.

Bí wọ́n ṣe ń yìnbọn nìyí o, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún Tóbi, á gbádùn ẹ̀. Kọmáńdà rí nǹkan. Á sọ irú ọta tó fẹ́, ṣé èyí tó ń lu irin ni àbí èyí tó ń bú gbàù. Lóòdà á ki í, á sì sọ pé ó ti wọlé. Lásìkò kan náà kọmáńdà ń sọ fún ayìnbọn pé yí sọ́tùn-ún, ṣì máa yí, rọra, ibẹ̀ yẹn, ó jìnnà tó yáàdì 600, táńkì ni, yìn ín! Ayìnbọn ò rí ayé kankan ju èyí tó wà nínú awò ẹ̀ lọ, nítorí náà tí kọmáńdà ò bá kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, ó lè máa yí kiri títí. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára òróró ti orí táńkì ló ń bá ayìnbọn yí i, tó bá wá kù díẹ̀ á fi ọwọ́ yí i débi tó fẹ́. Lẹ́yìn tó bá yìn ín tán, kọmáńdà á wo ibi tí ọta bọ́ sí, á ní ó kúrú, fi igba yáàdì kún un. Ẹnu mẹ́ta, ọwọ́ mẹ́fà, iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ti mọwọ́ ara wọn, wọ́n lè yin ọta kejì kí àwọn míì tó ki àkọ́kọ́ tán.

Redíò náà ńkọ́? Lóòdà ló ń tọ́jú ìyẹn, ẹ̀yìn orí táńkì níbẹ̀ ló wà. Number 19 ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà mẹ́ta sì ló ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan láti bá gbogbo àwọn táńkì rẹ́jímẹ́ǹtì sọ̀rọ̀, ọ̀kan fún àwọn tó wà nítòsí, ẹ̀kẹta láti bá àwọn tó wà nínú táńkì kan náà sọ̀rọ̀, torí ariwo tó wà níbẹ̀ ò jẹ́ kẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó o sọ, gbogbo wọn ló fi nǹkan sétí. Ẹni tó ń ṣe lóòdà gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ kó sì tún ní ọpọlọ, torí ìgbà tí ogun bá gbóná gan-an ni redíò náà máa ń sọ̀rọ̀ jù, ìgbà yẹn náà ni ọta sì máa ń tán jù. Mo ti ṣe é rí, kì í ṣe eré.

Ìbọn tí wọ́n fi sí ọ̀pọ̀ Cromwell jẹ́ mìlímítà 75. Oní-57 yẹn náà ni wọ́n gbẹ́ ẹnu ẹ̀ tóbi sí i kó lè máa yin ọta Amẹ́ríkà. Agbára tó fi ń lu irin wá dín kù ní tòótọ́, àmọ́ ọta tó ń bú gbàù tó ń yìn dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, iṣẹ́ tí táńkì sì ń ṣe jù lójoojúmọ́, ilé táwọn ọ̀tá sá sí, kòtò tí wọ́n gbẹ́, ìbọn tí wọ́n fi pamọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà, kì í ṣe táńkì bíi tiẹ̀. Ìpinnu tó tọ́ ni lójú tèmi.

Ó kan ọ̀rọ̀ pé kí ló wá fún wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kàn ṣe é kó fẹ̀? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, ojú irin. Wàgúnù rélùwéè ni wọ́n fi ń kó táńkì káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn afárá àti ihò tí rélùwéè ń gbà kọjá lọ́hùn-ún sì há, táńkì tó bá fẹ̀ jù ò ní lè kọjá. Ìkejì ni ẹsẹ̀ táńkì náà. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Walter Christie ló ronú irú ẹsẹ̀ yẹn, taya irin ńlá márùn-ún lápá kan, kálukú pẹ̀lú sípíríìnì gígùn tiẹ̀. Àwọn Rọ́ṣíà lò ó, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Martel, rí i lọ́dọ̀ wọn lọ́dún 1936, ó sì wú u lórí gan-an, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ra ọ̀kan lọ́wọ́ Christie. Ó ń sáré lórí ilẹ̀ gbágungbàgun láì jù wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún jù, àmọ́ inú ara táńkì ni wọ́n kó àwọn sípíríìnì yẹn sí, láàárín irin méjì lápá kọ̀ọ̀kan, àyè tó yẹ kó jẹ́ ti èèyàn ni wọ́n sì gbà. Ìta ò lè fẹ̀ nítorí rélùwéè, inú tún há nítorí sípíríìnì, nítorí náà òrùka irin tí orí táńkì ń yí lórí ẹ̀ ò ju ínṣì 60 lọ. Gbogbo nǹkan tí mo ti ń kà bọ̀ láti òkè yìí, inú òrùka yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó tún jẹ́ kó ṣòro láti fi ìbọn tó tóbi ju ìyẹn lọ síbẹ̀ nígbà tí ogun wá ń béèrè fún un.

Àwọn nǹkan róbótó ńláńlá tẹ́ ẹ rí lára orí Cromwell yẹn, ó dá mi lójú pé ẹ rí i, bóòtù ni. Wọ́n fi irin ṣe férémù, wọ́n wá fi bóòtù de àwọn irin tó nípọn mọ́ ọn lára, èyí tó nípọn jù níwájú tó mìlímítà 76. Ó rọrùn fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ò mọ wẹ́dà irin tó nípọn dáadáa, àmọ́ ó sọ orí táńkì náà di àpótí, gbogbo ara ẹ̀ dúró ṣánṣán, ọta tó bá bà á, irin ò dagun débi tó máa fi yọ̀ lọ. Nígbà tó yá wọ́n ṣe àwọn míì tó jẹ́ wẹ́dà ni wọ́n wẹ ara wọn.

Ẹ́ńjìnnì wá nìyí. Rolls-Royce Meteor ni, sílíńdà 12, agbára ẹ̀ tó ẹṣin 600. Merlin ni ìyá ẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàlúù Spitfire àti Lancaster, wọ́n kàn yọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kúrò ni. Ẹ́ńjìnnì Liberty tó wà nínú Crusader, àgbà ẹ́ńjìnnì láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni, kì í pẹ́ dákú, nítorí náà ìyàtọ̀ tí Meteor mú wá ga ju kéèyàn máa fẹnu sọ lọ. Cromwell tó kọ́kọ́ jáde ń sá tó kìlómítà 64 ní wákàtí kan, wọ́n ní láti dín in kù sí nǹkan bí 51 torí eré yẹn ti fẹ́ ba ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́.

Iwájú ló ti ń sá bẹ́ẹ̀ o. Gíà ẹ̀yìn ẹ̀ ò ju kéèyàn máa rọra rìn lọ, ohun tó sì dun àwọn tó lò ó jù nìyẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1944, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Cromwell kan wà ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Villers-Bocage nígbà tí Michael Wittmann, ará Jámánì, gbé táńkì Tiger já wọn lójijì. Táńkì mélòó kan jóná níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Pat Dyas rọ́nà fi Cromwell tiẹ̀ rìn sẹ́yìn wọ inú ọgbà kan, Tiger yẹn sì gba iwájú ẹ̀ kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn án gbangba, ó sún mọ́ ọn. Dyas ò lè yìnbọn. Àwọn tó kọ ìtàn ọjọ́ yẹn sọ pé ayìnbọn ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo nínú márùn-ún, táńkì ọ̀hún sì di irin lásán ní ìṣẹ́jú tó ṣe pàtàkì jù lọ láyé ẹ̀. Nígbà tí ayìnbọn padà dé wọ́n tọpa Tiger náà lọ, wọ́n bá a pàdé lójúkojú, ọta méjì tí wọ́n yìn kò ràn án, èyí tóun náà yìn sì ba tiwọn jẹ́. Dyas yè é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà pẹ̀lú ẹ̀ ló yè.

Ọ̀rọ̀ iná tí Tóbi béèrè, ó dùn mí láti máa sọ ọ́ àmọ́ mo máa sọ ọ́. Àwọn èèyàn rò pé epo pẹtiróòlù ló ń jẹ́ kí táńkì gbiná, ètù tó wà nínú àwọn ọta tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sábà ń fà á. Tó bá ti ràn, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ní. Kọmáńdà ní ìlẹ̀kùn lókè orí ẹ̀, lóòdà ní tiẹ̀. Ayìnbọn ò ní. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí kọmáńdà kọ́kọ́ jáde kó tó gba ẹ̀yìn ẹ̀ jáde, tí kọmáńdà bá ti kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ sí ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Níwájú, ìlẹ̀kùn òkè ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ tí orí táńkì bá yí sí ibì kan báyìí, ó lè bo ìlẹ̀kùn ayìnbọn iwájú mọ́lẹ̀ débi tí ò fi ní ṣí. Ẹni tó wà níbẹ̀ á wá ní láti rá gba inú ihò irin lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù, nínú èéfín, pẹ̀lú aṣọ ogun lára. Ibi tí Cromwell ti kùnà jù lọ lójú mi nìyẹn, torí wọ́n ti mọ ibi tí èèyàn máa jókòó sí kí wọ́n tó ro bó ṣe máa jáde. Wọ́n padà tún un ṣe, wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó wà níwájú, àmọ́ àwọn táńkì tó ní èyí àtijọ́ ṣì ń jà lọ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Táńkì Comet tó bọ́ sójú ogun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, àbúrò Cromwell ni, èèyàn márùn-ún yẹn náà, ìjókòó kan náà, àmọ́ òrùka orí ẹ̀ fẹ̀ sí i, ìbọn ẹ̀ lágbára sí i, wọ́n sì kó ọta sínú àpótí onírin kí iná má baà tètè ràn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni Centurion dé. Tẹ́ ẹ bá tún lọ sí Bovington, ẹ mú Tóbi lọ síwájú ẹ̀, kó wo apá òsì, níbi tó yẹ kí ìbọn ayìnbọn iwájú ti yọ jáde. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, irin tó dagun lásán ni. Wọ́n yọ èèyàn karùn-ún kúrò, wọ́n sì fi àga ẹ̀ kó ọta sí.